Poly tí kò já yẹn, ó ti kú tipẹ́

1/
Lánàá, ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé ẹni tí kò bá lo poly nínú ráákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kì í ṣe tẹ́níìsì ló ń gbá, eré òṣùpá ló ń ṣe. Àwọn èèyàn sì ń tẹ ọkàn pupa sí i bí ẹni tó rí owó he. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo sì fọwọ́ pa ìgúnpá mi. Ẹ jókòó o. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀.

2/
Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mò ń lọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Poly kì í ṣe okùn burúkú. Àmọ́ ìdí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń rà á, ìyẹn "kì í tètè já", ìdí yẹn gan-an ló ń ṣe wá léṣe. Poly máa ń kú kó tó já. Àwa á wá máa fi òkú okùn gbá bọ́ọ̀lù fún oṣù mẹ́jọ, a ó ní à ń ṣọ́wó ná.

3/
Fún ẹ̀yin tẹ́ ò gbá tẹ́níìsì ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìjà: oríṣi okùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú ráákẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni okùn ìfun màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni, ìfun gidi. Lọ́dún 1875 ni Babolat bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfun ẹran ṣe okùn ráákẹ́ẹ̀tì ní Lyon, nílẹ̀ Faransé. Èkejì ni náílọ́ọ̀nù. Ẹ̀kẹta ni poly: fọ́nrán kan ṣoṣo, ike líle, ẹbí ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi tẹ́ ẹ̀ ń jù sójú gọ́tà.

4/
Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìfun màlúù ló rọ̀ jù, náílọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e, poly ló le jù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan okùn, nǹkan bí ìdá 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló máa lò níbẹ̀. Okùn tó bá rọ̀ á wọlé, á gba agbára bọ́ọ̀lù, á sì tì í padà. Bí ìgbà téèyàn fò lórí tìmùtìmù ni. Poly kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà téèyàn fò lórí pákó ni. Agbára tó o bá gbé wá fúnra ẹ lo máa bá níbẹ̀, kò ní fi nǹkan kan kún un fún ẹ.

5/
"Kí wá ló dé táwọn tó mọ tẹ́níìsì gbá jù láyé fi ń lò ó?"

Ìbéèrè gidi. Ìdáhùn ẹ̀ ni topspin, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù máa yí síwájú bó ṣe ń fò lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá ń yí báyẹn, atẹ́gùn á máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. O lè gbá a tagbáratagbára, á gba òkè nẹ́ẹ̀tì kọjá dáadáa, á sì já wọ inú kóòtù dípò kó lọ sílé aládùúgbò.

6/
Ẹ wo ráákẹ́ẹ̀tì yín. Okùn kan lọ ní òòró, òmíràn lọ ní ìbú. Tó o bá gbá topspin, bọ́ọ̀lù á ti okùn òòró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí okùn bá ń yọ̀, tó sì le, á fò padà sáyè ẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lára ẹ̀, á sì fi ìyẹn yí bọ́ọ̀lù sí i. Náílọ́ọ̀nù kì í lè padà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àwọn àgbà lórí kóòtù tí wọ́n ń fi ìka to okùn ráákẹ́ẹ̀tì wọn tí bọ́ọ̀lù kan bá parí. Okùn wọn yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró síbẹ̀. Poly tuntun máa ń padà fúnra ẹ̀.

7/
Kì í ṣòní, kì í ṣàná ni wọ́n ti mọ̀ pé okùn tó ń yẹ̀ tó ń padà lágbára. Lọ́dún 1977, Guillermo Vilas, ọmọ Argentina, kò rẹ́ni nà án lórí kóòtù alámọ̀ mọ́. Ó ti borí lẹ́ẹ̀kan 53 léraléra. Ilie Nastase wá gbé ráákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní spaghetti wá pàdé ẹ̀ ní Aix-en-Provence. Wọ́n hun okùn ẹ̀ ní ìlọ́po méjì kó lè máa yẹ̀ fàlàlà. Bọ́ọ̀lù ń ta bí ẹni tí ẹ̀mí òkùnkùn gùn. Lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì méjì, Vilas fi kóòtù sílẹ̀ fún un. Àwọn aláṣẹ tẹ́níìsì ò jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó fòfin de ráákẹ́ẹ̀tì náà.

8/
Ohun tí ráákẹ́ẹ̀tì yẹn fi ẹ̀tàn ṣe, poly ń fi ìyọ̀ ara ẹ̀ ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀, òfin ò sì dè é. Poly ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 1997 ni ayé wá yíjú sí i. Ọmọkùnrin ọmọ ogún ọdún kan láti Bùràsíìlì, Gustavo Kuerten, ẹni tó wà ní ipò 66 láyé, tí kò tíì gba ife ẹ̀yẹ ńlá kankan rí, gbé ráákẹ́ẹ̀tì tó ní okùn Luxilon, ilé-iṣẹ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ Roland Garros. Ó gba ife náà. Ó tún gbà á ní 2000 àti 2001.

9/
Lẹ́yìn ìyẹn, gìrìgìrì di ẹsẹ̀. Andre Agassi, tó ti gba ọ̀pọ̀ ife ńlá kó tó dán an wò, bọ́ sínú poly ní 2002, ó sì gba ife Rome lọ́dún yẹn. Rafael Nadal fi poly sọ Paris di ilé baba ẹ̀. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní poly ò dáa. Mo mọ ohun tó ṣe. Ó yí eré yẹn padà pátápátá.

10/
Àmọ́ ẹ bá mi wo ẹni tó ń mú un lò. John Yandell fi kámẹ́rà tó ń yára ya àwòrán ka bí bọ́ọ̀lù àwọn àgbà òṣèré yìí ṣe ń yí. Forehand Nadal máa ń yí tó nǹkan bí 3,200 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Sampras àti Agassi ìgbà yẹn wà ní nǹkan bí 1,900. Apá Nadal ló ń gbé 3,200 yẹn wá. Okùn kàn ń jẹ́ kó lè gbá a bẹ́ẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má jáde ni.

11/
Ìwọ ńkọ́? Ìwọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé nìkan, lẹ́yìn tó o ti fi ọjọ́ márùn-ún jókòó nídìí kọ̀ǹpútà? Okùn tí kò fún ẹ lágbára kankan lo fi owó ẹ rà, tí apá ẹ náà ò sì ní agbára tó máa fi lò ó. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. O lè ra okùn Nadal. O ò lè ra ejìká ẹ̀.

12/
Ohun tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọ̀gá tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe àwòkọ́ṣe gan-an ò gbé poly kún inú ráákẹ́ẹ̀tì wọn. Roger Federer: ìfun màlúù ní òòró, poly ní ìbú. Novak Djokovic: ìfun màlúù ní òòró, poly ní ìbú. Pete Sampras: ìfun màlúù látòkè délẹ̀, títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nínú kíkà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, bọ́ọ̀lù Federer ń yí tó 2,700, ìfun màlúù ló sì wà ní òòró ráákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láìsí poly kíkún kò sí topspin, ẹ bá mi dá Federer lóhùn.

13/
Ó ku ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn yín lójoojúmọ́ tẹ́ ò kà sí. Nínú ìdíje ńlá, wọ́n máa ń pààrọ̀ bọ́ọ̀lù lẹ́yìn géèmù 7 àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní gbogbo géèmù 9. Ẹ máa ń rí i pé bí bọ́ọ̀lù tuntun bá dé, òṣèré á yọ ráákẹ́ẹ̀tì míì nínú ọ̀rá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ún ni. Géèmù 9, poly ọ̀gá ti rẹ̀ ẹ́! Tìẹ ti lo ọdún Kérésì, ó ti lo Àjíǹde, ó ti ń retí Iléyá.

14/
Báwo ni poly ṣe ń kú? Látìgbà tó bá ti kúrò lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi hun ún ló ti ń dẹ̀, kódà kó tó rí bọ́ọ̀lù. Bó o ṣe ń gbá a, á máa nà, kò sì ní lè padà sí bó ṣe wà mọ́. Níbi tí òòró àti ìbú ti pàdé, wọ́n á máa gé ara wọn, wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré. Okùn òòró á há sínú kòtò yẹn. Kò ní yọ̀ mọ́, kò ní fò padà mọ́. Topspin tìtorí ẹ̀ lo ṣe rà á ti lọ nìyẹn.

15/
Líle ẹ̀ ò sì lọ o! Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tó bá ti gbó sábà máa ń já, á fi bẹ́ẹ̀ sọ fún ẹ pé òun ti ṣe tán. Poly á dúró digbí. Ìta ẹ̀ á máa dán, inú ẹ̀ ti kú. Bọ́ọ̀lù kan á fò jáde, èkejì á kú sínú nẹ́ẹ̀tì, o ò ní mọ ìdí ẹ̀. Wàá rò pé ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n gbá mọ́. Wàá bẹ̀rẹ̀ sí í yí bó o ṣe ń gbá forehand padà nítorí okùn tó yẹ kó o ti gé dànù.

16/
Mo mọ̀ torí ó ṣe mí. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan tó ń ta nǹkan tẹ́níìsì sọ fún mi pé, "Àǹtí, èyí ni wọ́n ń lò báyìí, kì í já." Poly, òòró àti ìbú, ó fà á dé 58 páùn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé mo ti di Serena. Bọ́ọ̀lù ò jáde mọ́! N kò mọ̀ pé kò jáde torí pé agbára ti tán nínú ẹ̀ ni. Láti jẹ́ kó dé ẹ̀yìn kóòtù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo apá gbá a.

17/
Oṣù kẹta, ẹ̀gbẹ́ ìgúnpá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo ní ó máa lọ. Oṣù karùn-ún, mò ń ro àmàlà lọ́jọ́ kan, ọmọ orógùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò lè fún aṣọ. Mi ò lè ṣí ìdérí ìgò. Ìyá mi ní ṣé mo jà ni. Dókítà tẹ ibì kan lápá mi, mo pariwo. Ó ní iṣan tó so ẹran apá mọ́ egungun ìgúnpá ló ti gbọgbẹ́, kí n gbé ráákẹ́ẹ̀tì jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wo àwọn ẹlòmíì tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù.

18/
Gbogbo àkókò yẹn, okùn mi ò já. Ẹ gbọ́ mi yé: okùn ò já, èmi ni mo já.

19/
Mi ò ní parọ́ fún yín pé poly nìkan ló ń fa ìrora ìgúnpá. Backhand tí kò dáa máa ń fà á. Bọ́ọ̀lù tó ti gbó, tó ti wúwo, wà níbẹ̀. Ẹni tó lọ láti ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójijì, òun náà ń wá a. Àmọ́ wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní ìsàlẹ̀ ló ti wọ́. Okùn líle tó ti kú, tí wọ́n fà le jù, lọ́wọ́ ẹni tí kò lágbára tó: ìsàlẹ̀ tó wọ́ nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá kàn án, jìgìjìgì yẹn ń bọ̀ lápá. Ìgbà mélòó lo ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ kan? Ó lé ní igba, àbí?

20/
Èyí tó mú mi kọ gbogbo eléyìí kì í ṣe tèmi, mo ti gbádùn. Ọmọbìnrin kan wà níbi tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n gbá débi pé àgbàlagbà máa ń dúró wò ó. Lóṣù tó kọjá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ pa apá. Ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ ń ro mí, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún Dádì mi o, wọ́n á ní mò ń ṣọ̀lẹ."

21/
Mo gba ráákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo fi ìka tẹ okùn. Wáyà! Mo lọ kúnlẹ̀ kí bàbá ẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú okùn wo lẹ ní kí wọ́n fi sí i?" Wọ́n ní, "Poly ni. Mo ní kí wọ́n fi èyí tó máa pẹ́ sí i, kó lè lò ó dé ìparí ọdún." Wọn ò níkà nínú. Owó iléèwé, owó kóòṣì, owó ọkọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dá san. Ẹnì kan ló sọ fún wọn pé okùn tó dáa ni okùn tí kì í já, wọ́n sì gbà á gbọ́.

22/
Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Láti 2012, òfin tẹ́níìsì àgbáyé ti sọ pé ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ lo bọ́ọ̀lù yẹ́lò táwọn àgbà ń lò. Bọ́ọ̀lù tó fúyẹ́, tí kì í ta púpọ̀, ni kí wọ́n fún wọn. Gbogbo ayé gbà pé apá ọmọdé ò tíì gbó. Àwa wá gbé ike tó le jù lórí igbá sínú ráákẹ́ẹ̀tì ọmọ ọdún mẹ́wàá, torí pé kò ní já. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ta ló gbàgbé ìyẹn?

23/
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. "Ìwọ lówó. Nàìjíríà la wà. Ta ló fẹ́ máa pààrọ̀ okùn ní gbogbo ìgbà?"

Mi ò lówó jàre. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Náílọ́ọ̀nù lásán tí wọ́n ń pè ní synthetic gut sábà máa ń wà lára àwọn okùn tí owó ẹ̀ kéré jù nílé ìtajà. Ẹni tí kì í gbá bọ́ọ̀lù le, náílọ́ọ̀nù á pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó bá sì ń gbó lọ, kò ní fi líle pa á lápá. Poly tó o lò fún oṣù mẹ́jọ, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹ nínú púpọ̀ nínú oṣù wọ̀nyẹn. Fi owó dókítà kún un. Fi owó oògùn ara ríro kún un. Èwo ló wọ́n?

24/
"Ṣùgbọ́n náílọ́ọ̀nù ń já lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ kú oríire! Ìwọ gan-an ni wọ́n ṣe poly fún. Ẹni tó ń gbá topspin débi pé ó ń já okùn lọ́sẹ̀ kan sí méjì ní apá tó lè lò ó. Ìwọ̀n tèmi rèé, kò sì ṣòro: tí náílọ́ọ̀nù ò bá tètè já lọ́wọ́ ẹ, o ò nílò poly. Ẹni tí okùn ò já lọ́wọ́ ẹ̀ tó wá ń ra okùn torí pé kì í já, oògùn àìsàn tí kò ṣe é ló ń mu.

25/
Tó o bá gbọ́dọ̀ lò ó, lò ó bí ẹni tó gbọ́n:
Fi poly sí apá kan, kó o fi náílọ́ọ̀nù sí apá kejì. Hybrid ni wọ́n ń pè é.
Má fà á dé 58. Wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ráákẹ́ẹ̀tì ẹ, bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbowó nídìí tẹ́níìsì gan-an ti sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 50, kódà tó kéré sí i.
Gé e dànù nígbà tó bá kú. Má dúró dìgbà tó bá já.
Má fi ráákẹ́ẹ̀tì sí búùtù mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán. Ooru máa ń tètè mú okùn dẹ̀.

26/
Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú? Gbé ráákẹ́ẹ̀tì ẹ báyìí, mò ń dúró.
Fi ìka ti okùn òòró kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o jù ú sílẹ̀. Ṣé ó fò padà pẹ̀lú ariwo kékeré? Ó ṣì wà láàyè. Ṣé ó dúró síbi tó o tì í sí? Ó ti lọ.
Ti okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wo ibi tí wọ́n ti pàdé. Ṣé kòtò wà níbẹ̀, tó jinlẹ̀? Ó ti lọ.
Ṣé o ò rántí ìgbà tí wọ́n hun ún? Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ó tún kù ká bi ẹnì kan?

27/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ráákẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀, tiyín tún yàtọ̀. Ẹni tó ta ráákẹ́ẹ̀tì yẹn dànù lókè òkun ò yọ okùn ẹ̀. Poly tó ti kú níbẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá ẹ, ẹ sì ń yọ̀ pé "okùn ṣì wà nínú ẹ̀, a ò ní náwó." Kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù kan pẹ̀lú ẹ̀, ẹ gé e. Ẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

28/
Ẹ̀yin kóòṣì wa, ẹ̀yin bọ̀dá tẹ́ ẹ̀ ń bá wa hun ráákẹ́ẹ̀tì, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún kúnlẹ̀. Ẹ̀yin la gbọ́kàn lé. Kí ẹ tó bi oníbàárà pé "poly tàbí náílọ́ọ̀nù?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń gbá a lọ́sẹ̀? Ìgbà wo ni okùn já lọ́wọ́ yín gbẹ̀yìn? Ṣé apá ń dùn yín?" Ìbéèrè mẹ́ta péré. Tó bá jẹ́ ọmọdé ló ni ráákẹ́ẹ̀tì, ẹ má wulẹ̀ bi í. Náílọ́ọ̀nù ni, ẹ fà á kó rọ̀.

29/
Ẹni tó bá tún sọ fún yín pé láìsí poly èèyàn ò lè ṣe nǹkan kan nínú tẹ́níìsì, ẹ rántí Vilas tí mo sọ lókè. Lọ́dún 1983, ọdún 14 kí Kuerten tó gbé okùn ẹ̀ dé Paris, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń jẹ́ Nduka Odizor na Vilas yìí kan náà ní ìpele àkọ́kọ́ ní Wimbledon. Ó sì ń bá a lọ títí dé ìpele kẹrin. Ayé poly ò tíì dé nígbà yẹn. Ẹsẹ̀, ojú, apá àti ọkàn ló gbé e débẹ̀.

30/
Bàbá ọmọ yẹn gbọ́ mi lẹ́nu. A gé okùn náà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù sí i, 48 páùn. Ọmọ náà sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lánàá, ọjọ́ tẹ́nì kan ń kọ ọ́ síbí pé eré òṣùpá là ń ṣe, ó fi náílọ́ọ̀nù yẹn gbá forehand kan kọjá mi, mi ò tiẹ̀ lè gbẹ́sẹ̀. Ó wojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Kò fọwọ́ kan ìgúnpá.

31/
Ọ̀rọ̀ mi ò jù báyìí lọ. Kì í ṣe bóyá okùn já ni kẹ́ ẹ máa bèèrè. Ẹ máa bèèrè bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti ta ló ń san owó ẹ̀: àpò yín ni, àbí apá yín? Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ òbí tó lọ́mọ tó ń gbá tẹ́níìsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bú mi, ààyè wà nísàlẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi ìka ti okùn yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná.